Ẹtì Tí Kì í Ṣe Ẹtì: Àyẹ̀wò Ọdún Wa

Eré tí ẹgbẹ́ olórin wa ṣe lọ́dún 2025 ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti fẹ́ kà wọ́n, ti oṣù kẹfà ni ẹnu máa ń bá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ ìtàn rẹ̀. Pósítà kọ ọ́ pé Ẹtì, 14 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 14 oṣù náà, Àbámẹ́ta ni. Àwọn tó tẹ̀lé orúkọ ọjọ́ wá lálẹ́ Ẹtì, wọ́n bá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní títì. Nígbà tí Àbámẹ́ta dé, àwọn tó jókòó kò kún ìlà àga mẹ́ta.

Pósítà eré tó ṣáájú ni a tún lò. A pààrọ̀ déètì, a gbàgbé orúkọ ọjọ́. Ẹni mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, àwọ̀ àti àwòrán ni gbogbo wọn ń wò. Ojú tó bá ti rí pósítà kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kì í kà á mọ́; wíwò ló ń wò ó. Ní báyìí, ẹni tí kò rí i rí là ń fi í ránṣẹ́ sí, a ó pè é lórí fóònù kó kà á sókè fún wa: orúkọ ọjọ́, déètì, aago tí ilẹ̀kùn máa ṣí, aago tí orin máa bẹ̀rẹ̀, ibi tó wà, iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á ṣí kàlẹ́ńdà dání. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ eré ni a tó rí àṣìṣe náà. Pósítà ti wà lórí status àwọn tí a kò mọ̀ rí, kò ṣeé kó padà. A tún un ṣe, a sì gbé e jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti àwòrán kan náà. Ẹni tó rí i rò pé òun ti rí i tẹ́lẹ̀, ó sì kọjá lọ. Pósítà àtúnṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ẹ pa àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà, ẹ yọ àwòrán kúrò, kí ọjọ́ tó tọ̀nà gba ìdajì ojú ìwé. Ẹ pe àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹ ṣì kọ, títí wákàtí kan lẹ́yìn àkókò eré. A kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Broadcast WhatsApp kan, ìyẹn iṣẹ́ kan tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kì í gbà ju ẹni 256 lọ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́. Nítorí náà, gbígba nọ́ńbà èrò lẹ́nu ọ̀nà kò tó; ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tiyín pamọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹ bá sì ń fi pósítà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán, WhatsApp á fún un kéré, A3 (bébà pósítà ńlá) á sì jáde ní bàìbàì. A3 tó mọ́ fẹ́ 3508 × 4961 píksẹ́lì.

Alẹ́ Àbámẹ́ta eré náà ni onílù wa lu ìlù kẹ́yìn fún ẹgbẹ́. Àga rẹ̀ ti ṣófo láti oṣù kẹjọ. Àwọn tó torí rẹ̀ wá lálẹ́ Ẹtì kò gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fídíò. Ẹyọ kan ló wà fún eré oṣù kẹfà náà, fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ló yà á, ohùn rẹ̀ sì fọ́ látòkè délẹ̀. Ohùn tó bá ti kọjá agbára máìkì fóònù kì í ṣeé tò padà dáadáa. Ẹ fi fóònù ya àwòrán, ẹ gba ohùn lọ́tọ̀ láti ara mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn máìkì àti gìtá pọ̀. Nígbà ìdánwò, kí ibi tí ohùn ti ga jù wà ní nǹkan bí -12 dB (0 dB ni òpin tí ohùn ti ń fọ́), torí orin máa ń le sí i bí èrò bá dé. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé lẹ ó fi so àwòrán àti ohùn pọ̀. Ṣùgbọ́n mixer nìkan kò tó. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, ìlù fúnra rẹ̀ ti ròkè, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú mixer kọjá, nítorí náà ohùn akọrin àti gìtá ni ẹ ó gbọ́, ìlù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìgbohùn kékeré kan sí àárín gbọ̀ngàn, kí ẹ po méjèèjì pọ̀. Gbogbo eré wa láti ìgbà náà ni a gbà sílẹ̀ báyìí.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá lálẹ́ Ẹtì tí ẹ tún padà wá ní Àbámẹ́ta. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onílù wa, tó ní kí a má ta ìlù náà. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn ìlù náà báyìí ti mọ orin mẹ́sàn-án nínú méjìlá. Kò tíì fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù, a kò sì kán an lójú.

Eré tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ olólùfẹ́, eré mìíràn á pọ̀ níta, ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dípò mẹ́fà. Àbámẹ́ta, 14 oṣù kejì, 2026. Ilẹ̀kùn á ṣí ní aago méje alẹ́, orin á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà, ẹ bá wa wò ó.