Ẹ má fi ẹjọ́ yín rán ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Tí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, aṣọ ilé ìwé á kún ṣọ́ọ̀bù mi débi pé oníbàárà ò ní rí àga jókòó sí. Àwọn ọmọ tèmi náà ti gba JSS1 kọjá, ó ku àbíkẹ́yìn. Ìyá tó ń sanwó ni mí, èmi kan náà ni télọ̀ tó ń gbowó, nítorí náà n ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo ti rí ni pé òbí ló sábà máa ń kó ọmọ tuntun sí wàhálà aṣọ. Ìyá tàbí bàbá á ka ìwé òfin ilé ìwé, nǹkan kan níbẹ̀ ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá sọ fún ọmọ pé, "Máa wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n rí ẹni tó máa lé ẹ padà." Òun á kọrí sí ọjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá á kọrí sí géètì.

Ó lè ti pẹ́ tí ẹ dé ìdí géètì náà kẹ́yìn. Olùkọ́ tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kàn á dúró, àwọn pírífẹ́ẹ̀tì á dúró tì í. Orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n á wo ẹsẹ̀, aṣọ gan-an ló ń gbẹ̀yìn. Irun tí kì í ṣe dídì ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbọ̀sẹ̀ funfun tó ní ìlà pupa lọ́rùn, sàńdáà dúdú níbi tí wọ́n ti ní búráùn, bẹ́rẹ́ẹ̀tì tí ọmọ gbàgbé sílé. Ẹni tí wọ́n bá mú á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó máa ṣa ìdọ̀tí títí àsẹ́ńbílì á fi tú. Lójú ọmọ SS2, eré ni. Á kúnlẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tuntun tí kò tíì mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì, tí gbogbo ọgbà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò lè rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà mi kan ra aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì ní Gbági. Ó ní kò yàtọ̀ sí èyí tí ilé ìwé ọmọ òun ń tà, ó sì pọ́ọ́kú. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, mo fi hàn án pé ìlà ti ilé ìwé fẹ̀ ju tiẹ̀ lọ. Ó bi mí pé ta ni yóò mú rúlà wá sí géètì. Mo rán an. Wọ́n dá ọmọ padà. Ìyá ní kó tún wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ kejì, pé olè ni wọ́n, wọ́n kàn fẹ́ fi tipátipá ta aṣọ ni. Lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo mọ iye tí wọ́n ń ta yáàdì lọ́jà, tí mo bá gbọ́ iye tí àwọn ilé ìwé kan ń tà á nínú ọgbà wọn, inú mi kì í dùn. Àmọ́ ẹni tó ń kúnlẹ̀ nítorí ẹjọ́ náà kò mọ iye yáàdì. Nígbẹ̀yìn ìyá náà ra ti ilé ìwé, mo tún un rán, ó sanwó ẹ̀ẹ̀mejì, ilé ìwé kò sì tìtorí rẹ̀ dín kọ́bọ̀ kan kù.

Tí nǹkan kan bá wà nínú òfin wọn tí kò bá yín lára mu, ẹ lọ bá wọn fúnra yín kí ìwé tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọlidé ló dára jù. Wọ́n ti máa ń wà ní ọ́fíìsì nígbà yẹn nítorí àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀, èrò kò sì tíì pọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ má bá olùkọ́ kíláàsì ṣe àríyànjiyàn, kò lágbára nǹkan kan lórí aṣọ. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà náà.

Ohun tí mo ṣe fún ọmọkùnrin mi nìyẹn. Ìbọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé rẹ̀ ń tà, irú aṣọ dídán tí kì í fa òógùn, ó máa ń yọ ìléròrò sí i lẹ́sẹ̀. Mo gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo mú un lọ. Ìyá tó wà lórí àga igbákejì nígbà náà ka ìwé, ó ní kó máa wọ ti òwú, bó bá ṣáà ti jẹ́ funfun tí kò ní ìlà, ó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ tọ́jú ẹ̀dà náà sínú àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tí pírífẹ́ẹ̀tì dá a dúró, ó fa ìwé yọ, ó sì kọjá. Kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò sì sọ pé "màmá mi ní". Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín nípa gbólóhùn yẹn, nítorí kò sí olùkọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn láti gbọ́ ọ.

Ti owó aṣọ, ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ni àyè rẹ̀ wà. Mo mọ ilé ìwé kan tí àwọn òbí ti jókòó pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi gbà pé ṣẹ́ẹ̀tì àti aṣọ eré ìdárayá nìkan ni àwọn ó máa tà, kí kálukú rán ìyókù níta. Ẹ má retí pé á ṣẹlẹ̀ ní tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ ọmọ yín. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù náà wà nínú èyí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó ti Èkó wá pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba. Adájọ́ márùn-ún fara mọ́ ọn, méjì kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ ọmọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi du ú. Síbẹ̀ ẹ lọ kí ìwé tó wọlé, ẹ béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ àti ibi tó yẹ kó gùn dé, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó ń dúró ní géètì mọ̀ pé ẹ ti wá. Ní Ìlọrin lọ́dún 2021, ìjọba ti ilé ìwé mẹ́wàá pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìwó lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lé aṣọ ilé ìwé wọn lọ sí kíláàsì. Àgbà ló ń bá àgbà jà, ọmọdé ni wọ́n gbé e wọ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni ni ẹ mú, ẹ béèrè kí ẹ tó san owó rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rán aṣọ.

Ẹ má ra nǹkan kan àfi tí ìwé ilé ìwé bá ti wà lọ́wọ́ yín, ti ọdún yìí gan-an, kì í ṣe èyí tí aládùúgbò fún yín. Òfin ń yí padà. Àbúrò mi tó ń gbé Òṣogbo mọ̀ ọ́n dáadáa: ìjọba Aregbesola fi aṣọ kan náà wọ gbogbo ọmọ ilé ìwé ìjọba ní Ọ̀ṣun, ìjọba Oyetola sì dá kálukú padà sí aṣọ tirẹ̀ ní 2020. Àwọn òbí tó ti rán aṣọ kan náà yẹn pa mọ́ de àbúrò ọmọ wọn wá rí i pé wọ́n ti ṣe aṣọ tí kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́.

Ẹ mú ọmọ wá fún wíwọ̀n nígbà tí ọlidé bá ti ń lọ sópin. Ọmọ tí mo wọ̀n lóṣù keje kì í ṣe ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ lóṣù kẹsàn-án, pàápàá ọmọbìnrin, nítorí wọ́n máa ń tètè yọ ní ọjọ́ orí yìí ju ọkùnrin lọ. Tó bá jẹ́ kakí tàbí aṣọ òwú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sá a, kí ó gbẹ kí télọ̀ tó gé e, torí ó máa súnkì. Tẹ́tírọ́ọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Ẹ ra gbogbo yáàdì yín lẹ́ẹ̀kan náà, lára ìgàn kan ṣoṣo. Tí ẹ bá padà lọ ra kún un lóṣù tó tẹ̀ lé e, bí olówò bá tilẹ̀ búra pé irú rẹ̀ ni, aró rẹ̀ lè má dọ́gba, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá ti fọ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán aṣọ JSS3 fún ọmọ JSS1. Mo mọ̀ pé owó ò sí. Àmọ́ apá aṣọ tó bo ìka ọwọ́ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò tí bẹ́líìtì fún jọ lókè, ọmọ á dà bí ẹni tó jí agbádá bàbá rẹ̀ wọ̀, àwọn ọmọ JSS2 á sì fún un ní orúkọ tí kò ní kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi jáde. Inú aṣọ ni kí ẹ fi àyè sí. Ẹ ní kí télọ̀ ṣẹ́ bí íńṣì mẹ́ta sínú nísàlẹ̀, kó fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì fi rọ́bà sí ẹ̀yìn ìbàdí. Tẹ́ẹ̀mù kejì ni kí ẹ mú un wá ká tú u wálẹ̀, kí aṣọ tó ṣá. Tó bá ti ṣá tán kí ẹ tó tú u, ìlà dúdú á hàn nísàlẹ̀, kò sì sí oògùn rẹ̀. Méjì ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì rí ọmọkùnrin JSS1 lẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù kan.

Ohun kan tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí òbí kì í mọ̀. Ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ á dá wá bá wa, á ní ká fún síkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, tàbí ká sọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò di tẹ́ẹ́rẹ́. Owó oúnjẹ ni wọ́n fi ń san án. Èmi kì í gbà á àyàfi tí ìyá bá bá ọmọ wá, àwọn télọ̀ mìíràn ń gbà á. Olùkọ́ á fi sísọ́ọ̀sì ya á ní àsẹ́ńbílì lójú gbogbo ayé, ẹ ó sì tún ra aṣọ. Ẹ máa wo aṣọ náà dáadáa bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

Bàtà. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé tó wọlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà bó lọ́jọ́ kìíní. Oṣù kẹsàn-án, òjò ṣì ń rọ̀. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọ takisí Micra lójú títì, kó wọ sílípáàsì, kó fi sàńdáà àti ìbọ̀sẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, kó lọ wọ̀ wọ́n nítòsí géètì. Irun náà ń kọ́? Tí wọ́n bá ní kí wọ́n gé e, ẹ gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó lè bá a mọ́lára, ẹ má ṣe é ní alẹ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú ẹkún. Tó bá jẹ́ dídì ni, ẹ gba ìwé tí wọ́n to dídì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ọmọbìnrin yín, bí kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ẹ fi páàdì kan àti pátá kan sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ òfin náà. Ẹ jókòó tì í, kó ka ìwé yẹn sókè fún yín. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń so táì, kó máa fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, kó lọ aṣọ rẹ̀ ní Sọ́ńdè nígbà tí iná bá wà. Ẹ fi òwú kọ orúkọ rẹ̀ sínú aṣọ, nítorí ti báírò á ṣí, bẹ́rẹ́ẹ̀tì tí kò lórúkọ kì í sì í pẹ́ di ti ẹlòmíràn.

Ẹ má tíì ra aṣọ háòsì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n ń pín wọn sí háòsì, ẹ lè ti ra yẹ́lò kí wọ́n wá fi í sí búlùú.

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé aṣọ wá bá wa ní ọ̀sán Sátidé tí ìwé máa wọlé ní Mọ́ńdè. A ó gbà á o, owó ni. Ṣùgbọ́n tí bọ́tìnì bá já kó tó dé àsẹ́ńbílì, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ nílé.