Bàbá kan tó ń gbèjà Buhari

Ní ṣọ́ọ̀bù báábà lánàá, bàbá kan ní kò tíì sí ààrẹ tó ṣiṣẹ́ tó Buhari ní Nàìjíríà. Báábà pa ẹ̀rọ lórí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo?"

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Òótọ́ ni, èmi náà ti wọ̀ ọ́, ó sì dùn. Ẹ jẹ́ ká fún un nìyẹn.

Ìyókù ńkọ́? May 2015 ni wọ́n búra fún un, ó di November kó tó ní mínísítà. Ẹni tó ti ń du ipò náà láti 2003 o! Lọ́dún 2017, ó lo ohun tó lé ní 100 ọjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lọ gba ìtọ́jú. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló figbe ta lọ́dún yẹn kan náà pé kò sí síríńjì ní ilé ìwòsàn Aso Rock. Síríńjì lásán!

Ṣùgbọ́n kí Twitter pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ ní June 2021, kíá ló ti Twitter pa, ó di January 2022. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó yára.

Ti náírà tí wọ́n pa láró, tá à ń fowó ra owó ní 2023, ẹ má jẹ̀ẹ́ n dé ibẹ̀.

Bàbá wò wá títí. "Ọkùnrin náà ṣáà ní sùúrù."

Báábà ní, "Bàbá, àwa la ní sùúrù. Ọdún mẹ́jọ!"