Bí ẹ bá fẹ́ fi eku dán ewé wò fún ara wíwú

Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi lórí àbámodá, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé ṣé ewé náà ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe ń wọn ẹsẹ̀ eku. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ dá ewé yín mọ̀ ná. Lọ́jà Bódè n'Ìbàdàn, ẹ lè ra àbámodá kí ọ̀dúndún wà nínú rẹ̀, torí ìbátan ni wọ́n. Àbámodá ló máa ń hu ọmọ létí ewé. Ìyẹn nìkan ò tó o: ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó n'Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ẹ sì rà á lọ́pọ̀, omi ló kúnnú ewé yìí. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan á gbẹ tán, á ku ẹ̀kúnwọ́.

Carrageenan, tí wọ́n ń fà yọ lára ewéko inú òkun, la máa ń gún sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku kó lè wú, 0.1 ml èyí tó jẹ́ 1%. Láti 1962 ni Winter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀nà yìí lélẹ̀. Histamine àti serotonin, àwọn kẹ́míkà tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde, ló ń bẹ̀rẹ̀ wíwú náà, kí òmíràn tó ń jẹ́ prostaglandin tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Torí náà, wákàtí wákàtí ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí di ìkarùn-ún. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tó lọ jẹun ò lè mọ ibi tí ewé rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ náà kí ẹ tó gún un rárá. Ẹ fi máákà fa ìlà sí ọrùn ẹsẹ̀, kó jẹ́ pé ìlà yẹn gẹ́lẹ́ lẹ ó máa rì í dé nínú omi plethysmometer, ẹ̀rọ tó ń fi omi wọn bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó. Eku tó ń jà ò ní jẹ́ kómi dúró. Ẹ fi aṣọ wé e, kára rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀.

Èyí tó wá ṣe kókó jù: ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ò gbọdọ̀ mọ eku tó mu ewé. Ẹ ti náwó, ẹ ti jìyà, ẹ sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ojú yín á tàn yín jẹ. Ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì sàmì síwọn nírù, kó sì fi ìwé rẹ̀ pa mọ́ títí ẹ ó fi parí. Bó bá jẹ́ Tween 80, èyí tó ń jẹ́ kí oògùn pò mọ́ omi, lẹ fi po oògùn náà, òun náà ni kí àwọn tí kò gba ewé mu. Kí ọ̀wọ́ kan gba indomethacin, oògùn ara wíwú tí a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lè fi ewé yín wé e.

Bí ẹ bá tún fẹ́ mọ̀ bóyá ewé náà ń dín ìrora kù, ẹ ó fún eku kéékèèké ní acetic acid sínú ikùn, ẹ ó máa ka iye ìgbà tó lọ́ ara. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń kunni lóorun náà máa ń dín lílọ́ kù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eku náà ṣì lè rìn dáadáa.

Bí èsì bá dáa, àwọn ará ilé á ní kí ẹ bu díẹ̀ wá fún orúnkún. Ẹ má bù ú o. Ìwọ̀n eku kọ́ ni ìwọ̀n èèyàn: nínú ìlànà FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, 200 mg fún kílò kan lára eku kò ju bí 32 mg fún kílò kan lọ lára èèyàn. Àbámodá sì tún ní bufadienolide, èyí tó lè da ìlù ọkàn rú. Irú ewé yìí ti pa màlúù ní Ọsirélíà. Ní ti Màmá mi, wọ́n ṣì ń ya ewé náà síná, wọ́n ń fi lé orúnkún wọn látìta. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn.