Ìbọn Erin, Ẹyẹ Àdàbà

Bàbá mi kì í pè mí lórí fóònù kí wọ́n má kì mí. Kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ara, wọ́n á ti ní, "Àkànní, ọmọ arìnlóru-má-tanná, ọmọ awọgbó-má-bẹ̀rù!" Ọdẹ ni wọ́n, ọdẹ ni bàbá tó bí wọn, Ọdẹ́ ló sì ṣáájú orúkọ ìdílé wa. Èmi nìkan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Houston.

Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n bá òun lọ yìnbọn fún àdàbà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣí ìgbà àdàbà ní apá tó pọ̀ jù ní Texas, bí ọdún Iléyá làwọn ará ibẹ̀ sì ṣe ń gbà á. Ó ní òun á sìn mí lọ ra ìbọn. Mo ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ ọdẹ ni kí wọ́n fà lọ́wọ́ lọ ra ìbọn?

Òótọ́ ni pé ìjọba ní kí n ka ẹ̀kọ́ ọdẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kà á. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nọ́ńbà ẹnu ìbọn, àmàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú mi ni.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan bi mí pé gauge wo, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ìbọn, ni mo fẹ́: 10, 12, 20 àbí 28? Mo rò ó. Àdàbà ò tó àparò. Ẹyẹ kékeré, nọ́ńbà kékeré. Mo ní, "10."

Bàbá náà wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé goose, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá yẹn, lẹ fẹ́ lọ pa?"

Mo ní, "Ẹyẹ ni." Mi ò sá purọ́.

Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ìbọn àlòkù kan jáde. Ó wúwo ju kílò 4 lọ, àtàǹpàkò mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu rẹ̀. Ara mi ì bá ti fu. Ó tún béèrè nọ́ńbà ọta tí mo fẹ́ nínú katíríìjì. Mo ní kó fún mi ní 2.

Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀, níwọ̀n bí àmàlà ò ti sí níwájú ẹ̀yin. Nínú irú ìbọn yìí, ẹ̀yìn ni nọ́ńbà ń rìn. Bí wọ́n bá pín pọ́n-ùn òjé kan sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló ń wọ ẹnu gauge 12 gẹ́ẹ́. Ẹ wá pín in sí 10, ọta á tóbi sí i, ẹnu ìbọn náà á sì fẹ̀ sí i. Kódà, 10 lòfin Amẹ́ríkà fi òpin sí fún àwọn ẹyẹ aṣíkiri. Bákan náà ni ọta wẹ́wẹ́: 8 ni tàdàbà, 2 sì wà fún ẹyẹ tó lè gbé yín lọ́mọ lọ.

A dé oko sunflower. Àdàbà kan ń fò bọ̀. Mo rántí àwọn bàbá mi, mo gbé ìbọn sókè, mi ò rántí tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ èjìká dáadáa. Gbòlà! Ńṣe ló ta mí nípàá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí mo jẹ lówó. Ojú ọ̀run ni mo rí lẹ́yìn ìyẹn. Àdàbà náà bà sórí wáyà, ó ń wò mí. Ajá tí wọ́n mú wá láti máa gbé ẹyẹ wá bá wa sáré wọ inú oko, ó sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé fìlà mi wá.

Ọ̀rẹ́ mi ṣa katíríìjì nílẹ̀, ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ rín ẹ̀rín. Ó yá mi ní gauge 20 ìyàwó ẹ̀. Mi ò fi ìyẹn náà pa nǹkan kan, àmọ́ mo wà lórí ìdúró.

Nígbà tí ìyàwó mi ń fi Àbọ́níkì ra èjìká mi, ọmọ wa ti ya fọ́tò èmi àti ìbọn náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Kò pẹ́, fóònù dún.

"Kí lo fi ìyẹn pa?"

"Àdàbà ni, sà. Mi ò bá a."

Wọn ò fọhùn fúngbà díẹ̀. "Ìbọn erin lo gbé lọ bá àdàbà? Àdàbà tí kò bá ẹnì kankan jà?"

Mo dá ìbọn padà, bàbá onírùngbọ̀n ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá mi tún pè. Mo gbé fóònù sétí, mo ń retí oríkì.

Wọ́n ní, "Hẹ́lò, Sámúẹ́lì."