Bí Mo Ṣe Tún Di Ẹni Iyì Lójú Ara Mi

Nígbà tí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe fún ọdún 6 bọ́ lọ́wọ́ mi, ìgboyà láti la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ ni ó dùn mí jù pé mo pàdánù. Ọ̀gá mi ti sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé n kò wúlò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo ń tún un sọ fún ara mi láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ó fi dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo gbìyànjú láti máa dúró níwájú dígí kí n máa yin ara mi, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ fún mi, nítorí ọkàn mi kò gba ohun tí ẹnu mi ń wí. Ohun tí ó gbé mi dìde ni ìlérí kékeré kan tí mo ṣe fún ara mi, pé n óò máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́. Wákàtí kan ni mo kọ́kọ́ pinnu, mo sì ti yẹ àdéhùn náà ní ọjọ́ kẹta, èyí tí ó tún bà mí lọ́kàn jẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìlérí yín kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi lè mú un ṣẹ ní ọjọ́ tí ara yín kò bá yá gágá pàápàá. Mo tún ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe parí sínú ìwé, nítorí ẹni tí kò níyì lójú ara rẹ̀ tètè máa ń gbàgbé ohun rere tí ó ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo kà pé Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ṣàlàyé ní ọdún 1977 pé ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ṣe yọrí ni ó ń mú kí ó gbà pé òun lè ṣe é jù lọ, ju ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ara mi sọ ni ó le jù láti yí padà. Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi gbọ́ bí mo ṣe ń bú ara mi nítorí kọ́kọ́rọ́ tí mo gbàgbé, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá jẹ́ èmi ni, ṣé bí ẹ ó ṣe bá mi wí nìyẹn?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣe àṣìṣe, ohun tí ǹ bá sọ fún un ni mo ń sọ fún ara mi: “Ó ti ṣẹlẹ̀. Báwo ni a ó ṣe tún un ṣe?”

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí ìyàtọ̀. Níbi ìpàdé kan, wọ́n béèrè èrò wa, mo sì na ọwọ́ sókè. Ohùn mi gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ̀rọ̀ mi dé òpin.