Ẹ Wo Ọdún Tó Ń Lọ Dáadáa Kí Ẹ Tó Kọ Ètò Tuntun

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Àyẹ̀wò ọdún tí a bá fi orí lásán ṣe, àbùmọ́ ló sábà máa ń kún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ló máa ń wà lẹ́nu wa; ti oṣù kẹta ti wọgbó. Kí ẹ tó mú bírò, ẹ kó ẹ̀rí jọ: àkọsílẹ̀ báńkì láti oṣù kìíní títí di òní (ẹ lè gbà á lórí áàpù báńkì yín), káàdì àjọ, rìsíìtì owó ilé ìwé, àti àwòrán inú fóònù. Ẹ má fojú kéré àwòrán o. Ọjọ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n á sì sọ fún yín ibi tí àwọn Sátidé yín lọ.

Ẹ pín gbogbo owó tó jáde sí orúkọ mẹ́fà péré: oúnjẹ, ọkọ̀, ilé, ọmọ, iná pẹ̀lú dátà, àti ará. "Ará" ni ẹbí, òde, aṣọ ẹbí, ìsìnkú, àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan". Òun ni kì í sí nínú ètò ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà ló sì máa ń da ètò rú. Owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ oní-POS ló máa yọ yín lẹ́nu jù, nítorí àkọsílẹ̀ báńkì kò ní sọ ohun tí ẹ fi ṣe. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀, ẹ pè é ní "a ò mọ̀". Ẹ má rọra tì í sábẹ́ oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ní ẹ máa ṣe lọ́dún yìí, kí ẹ wá kọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró síwájú rẹ̀. Ẹ má tíì kọ ìdí. Bí púpọ̀ nínú wọn bá dúró ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, ẹ wo owó ilé ìwé sáà kejì àti gbèsè Kérésì. Bó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án, ẹ wo sáà tuntun: ìwé, yunifọ́ọ̀mù, bàtà. Oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, òde ni. Ètò tó ń dúró ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń pa á.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń daru jù ni owó ilé. Ká ní ₦600,000 ni, tó sì ń pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á pín in sí ọ̀nà 12, wọ́n á ní ₦50,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní dé ìparí oṣù keje, oṣù méje péré ni. ₦350,000 ló máa wà nílẹ̀ nígbà tí lánlọ́ọ̀dù bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ó sì wá ₦250,000 yá. Bí ẹ bá fẹ́ dá a kó jọ, ₦86,000 lóṣù ni títí di oṣù keje. Láti oṣù kẹjọ lọ ni ₦50,000 á tó wá tó fún ti ọdún tó tẹ̀ lé e, bí wọn kò bá fi owó lé e.

Ó wúwo, ṣé? Èésú ló ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀: ènìyàn 12, ₦50,000 lóṣù, kí ẹ sì gba ipò keje. Ní oṣù keje, ẹ kó ₦600,000 odindi, ẹ wá ń dá a lọ títí di ìparí ọdún. Ẹ tètè sọ ipò tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Ewu ibẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ kó, tí kò wá dá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ní ìbẹ̀rẹ̀, kó mú onídùúró wá, kí orúkọ onídùúró náà sì wà nínú ìwé kí owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́, ìyá alátẹ, ọlọ́kadà, télọ̀, kó má dúró de ìparí oṣù. Àjọ ló bá a mu, ṣùgbọ́n kó rántí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ti alájọ ni. Bí kì í bá tà lọ́jọ́ Àìkú, tó dá ọjọ́ 26, ọjọ́ 25 ni tirẹ̀. ₦2,000 lójúmọ́ ló máa jẹ́ ₦50,000. Ẹni tó dá ₦1,700 máa bá ₦42,500.

Ẹni tó ń ra àgbò náà kó ṣọ́ra: Iléyá máa ń yá ju ti èṣí lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 11. Bó bá jẹ́ oṣù kìíní ló ń bẹ̀rẹ̀ ìpamọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, àkókò tó ní ń kéré sí i nìyẹn.

Ní ti ètò tí kì í ṣe ti owó, mẹ́ta ti tó. Ẹ má kọ "kí n mọ kọ̀ǹpútà". Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, wákàtí kan lórí Excel." Ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ ilé tí ẹ kì í gbàgbé ju kí ẹ so ó mọ́ aago lọ, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè mú yín wọlé láago mẹ́sàn-án. Kí bátìrì sì ti kún láti ibi iṣẹ́, kí NEPA má bàa di àwáwí. "Kí n rí iṣẹ́ tuntun" wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn; "lẹ́tà ìwáṣẹ́ méjì lọ́sẹ̀" wà lọ́wọ́ yín.

Ìwé ọmọ ilé ìwé kan ti tó fún gbogbo èyí, ojú ewé kan fún oṣù kan. Lókè, owó ńlá tó ń bọ̀ lóṣù náà. Láàárín, ètò mẹ́ta yẹn. Ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò retí. Owó ìpamọ́ kò gbọdọ̀ sí nínú àkáǹtì tí ẹ ń ná lójoojúmọ́, ẹ kàn máa jẹ ẹ́ ni. Ní Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ fi 20 ìṣẹ́jú yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò tí ẹ kò fọwọ́ kàn fún oṣù méjì, ẹ gé e sí ìdajì, kí wákàtí kan di 30 ìṣẹ́jú. Bí oṣù kan sí i bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fagi lé e, kí ẹ fi àyè rẹ̀ fún òmíràn.