Iṣẹ́ fọ́níṣọ̀ l'Adó-Èkìtì àti ní Jámánì: ta ló ń sanwó àwòrán yíyà?

Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà nílé máa ń bi mí ṣáá pé ṣé iṣẹ́ fọ́níṣọ̀ ní Jámánì yàtọ̀ sí tiwa l'Adó. Ó yàtọ̀ o. Iná kì í lọ níbí ní Jámánì tí mo wà, èèyàn ò ní wá epo jẹnẹrétọ̀ kó tó gé pákó, àmọ́ ẹni tó bá mọ ránńdà, irin tá a fi ń fá pákó, tì dáadáa nílé ò ní tijú níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ pákó gbígbẹ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Nílé, pákó á ti sọ́míìlì dé, omi ṣì wà lára ẹ̀, kọ́sítọ́mà ti ń pariwo pé òun fẹ́ ṣílé, wàá kàn án bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá dé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á wọ́, ojú ìsopọ̀ á là, ìwọ ni wọ́n á sì bú. Níbí, a máa ń fi mítà tó ń wọn omi gún pákó lára, tí omi inú ẹ̀ bá ju nǹkan bíi 8 sí 10 nínú 100 lọ, a ò ní fi ṣe fọ́níṣọ̀ inú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀gánwó àti apá tá à ń lò nílé, mi ò tíì rí èyí tó wù mí tó wọn níbí o, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Yíyà àwòrán fọ́níṣọ̀ gan-an ló ká mi lára. L'Adó, kọ́sítọ́mà á na fóònù sí ẹ, "Ọ̀gá, irú eléyìí ni mo fẹ́, èló?" Wàá lọ wọn yàrá, wàá rí i pé ògiri ò gún, fèrèsé wà níbi tó fẹ́ gbé e sí, wàá jókòó dòru kó o tún un yà kó lè bá ibẹ̀ mu, tó o bá wá dárúkọ owó yíyà, á ní "Bọ̀dá mi, torí pépà? Ẹ ṣáà bá mi kàn án." Owó pákó, wọ́n á san. Owó ọpọlọ lọ̀rọ̀ dà. Níbí, ọmọ iṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún 3, tó bá fẹ́ gba fúrídọ̀mù, ohun tó fúnra ẹ̀ yà ló máa kàn fún ìdánwò, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan pákó.

Ó sì ń dùn mí, torí Èkìtì la ti wá, níbi tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ ṣàfihàn ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924, British Museum ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà ò gbowó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ọba mọyì ohun tó wà lórí igi yẹn.

Àbúrò mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ajílósùn l'Adó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí: tó bá wọn ilé tán, á gba owó yíyà, tí kọ́sítọ́mà bá gbéṣẹ́ fún un, á yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó dúró ti rí ohun tó máa kàn kó tó ra pákó, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.